Ìwádìí Lórí Wákàtí Fàájì ní Mùṣín

Àbá

Ìwé tí wọ́n ń kọ fún àlejò Èkó pọ̀, orúkọ ibi ló sì kún inú gbogbo wọn: etíkun tibí, ilé ìtajà tọ̀hún, ilé oúnjẹ etí ọ̀sà. Àlejò á ka ìwé tán, á wọ ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n dárúkọ, á débẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Oòrùn á pa á, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á dá a dúró nígbà tó bá ń bọ̀, á wá máa sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ariwo nìkan ló wà l'Ékòó. Ibi tó lọ kò burú. Wákàtí tó fi lọ ni kò bọ́ sí i.

Àbá tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwádìí yìí ni pé wákàtí ni fàájì Èkó. Ibi kàn ń gbà á lálejò ni. Títì kan náà tó ń tán ènìyàn ní sùúrù láàárọ̀ Mọ́ńdè lè di pápá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí ooru ti ń lé ènìyàn jáde lọ́sàn-án ni wọ́n máa ń kó àga sí wájú rẹ̀ bí oòrùn bá wọ̀. Ẹni tó mọ wákàtí á ṣe fàájì pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, owó rẹ̀ á tán, ara á tún máa ro ó.

Mùṣín ni mo fi ṣe ojúkò ìwádìí, ìdí méjì ló sì fà á. Èkíní ni ipò tó wà. Agége Motor Road àti ojú irin rélùwéè gba àárín rẹ̀ kọjá, Ìkòròdú Road wà ní ìhà Fádéyì, Ìsọlọ̀ Road wà ní ìhà kejì; Òṣòdì wà lókè, Yàbá àti Sùúrùlérè wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Agége àti Ìkẹjà bọ̀ wá sọ́nà ọ̀sà, iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí wákàtí Èkó tí kì í kọjá lójú wa. Ìdí kejì ni pé ibẹ̀ ni mò ń gbé, mo fẹ́ràn rẹ̀, inú mi kì í sì í dùn bí àwọn tí kò gbé ibẹ̀ rí bá ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ.

Ìdájí

Ìdájí Mùṣín bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago kò tíì lu márùn-ún. Ní ọjà Dáléko, àwọn alábàárù ti ń já àpò ìrẹsì kúrò lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọjà Ojúwoyè, àwọn ìyá elélùbọ́ àti àwọn tó ń ta ewé àti egbò ti ń tú ẹrù wọn. Ẹni tó bá jókòó síta ní wákàtí yìí á gbọ́ bí ìró ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn: ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, agogo àwọn ìjọ aláṣọ funfun, ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ni ohùn kọ̀ńdọ́ àkọ́kọ́ tó ń pe Òṣòdì. Atẹ́gùn tutù, èéfín ọkọ̀ kò tíì gbalẹ̀. Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá fi lù, gbogbo ìró yìí á ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, kò sì sí etí tó tún lè yà wọ́n sọ́tọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Nínú oṣù Ràmàdáánì ni ìdájí fi agbára rẹ̀ hàn jù. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ti máa ń kó ìlù àti agogo jáde lóru, wọ́n á máa kọrin káàkiri àdúgbò kí àwọn aláàwẹ̀ lè jí jẹ sààrì. Wéré ni wọ́n ń pe orin náà. Àdúgbò sí àdúgbò a máa figa gbága, a máa dá ìdíje sílẹ̀, a sì máa mọ ohùn tó dùn jù. Láti inú wéré yìí ni fújì ti jáde. Síkírù Àyìndé Barrister, tó lọ sí iléèwé ní Mùṣín, kékeré ló ti ń kọ wéré. Ó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó padà dé, ó tún orin náà ṣe, ó wá sọ ọ́ ní fújì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán Òkè Fuji ti orílẹ̀-èdè Japan tí òun rí ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni òun ti mú orúkọ náà. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, nígbà tí fújì ti kúrò ní orin ajísààrì, tó ti dé gbọ̀ngàn London. Wàsíù Àlàbí Pasuma, tó dàgbà sí Mùṣín níbí, wà lára àwọn tó gba orin náà lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Mo pe àwọn olùwádìí orin kí wọ́n fiyè sí ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Wákàtí kan wà tí ìlú kò lò fún nǹkan kan: ọjà ti túká, ọkọ̀ ti dúró, àwọn ènìyàn ń sùn. Àwọn ọmọ àdúgbò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kó ìlù wọ inú rẹ̀, ó sì bí orin tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ń ṣe ìnáwó lónìí. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá ti lọ ń wá gbọ̀ngàn, owó gbọ̀ngàn ì bá ti pa orin náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì

Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wákàtí ẹ̀wà àgànyìn. Àwọn obìnrin tó wá láti ìhà Benin àti Togo ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ rọ̀ débi tí ṣíbí á fi tẹ̀ ẹ́ fọ́ láìlo agbára. Ata ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀: ata gbígbẹ tí wọ́n gún tí kò kúná, àlùbọ́sà tó pọ̀, epo pupa tí wọ́n gbé kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, kí wọ́n tó wá din ata àti àlùbọ́sà nínú rẹ̀ títí á fi dúdú. Ata tó sùn mọ́jú dùn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín lọ, ìdí nìyí tí ẹ̀wà àárọ̀ fi ń lékè ẹ̀wà ìrọ̀lẹ́ nínú ìwádìí mi.

Búrẹ́dì Agége ni ìkejì rẹ̀, òun náà kò sì kúrò lábẹ́ òfin wákàtí. Amos Shackleford, ará Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó. Èbúté-Mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń yan búrẹ́dì ní Agége so orúkọ ìlú tiwọn mọ́ ọn. Òru ni wọ́n ń yan án. Nígbà tó bá fi dé Mùṣín láàárọ̀, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ṣì ń fà. Bó bá fi di ọ̀sán, búrẹ́dì ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mò ń sọ yìí mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rà á náà ní ìlànà:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ bá mi bu ẹ̀wà, kẹ́ ẹ fata sí i dáadáa.”

“Ọmọ mi, ata tòní ń ta o.”

“Ẹ fi sí i bẹ́ẹ̀ náà, Ìyá.”

Ìyá á wo ojú oníbàárà, á bu ata, á tún bu epo díẹ̀ lé e tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Èènì ni. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án kì í rí èènì, nítorí ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń họ fún un.

Ìgbà tí títì bá dúró

Láyé ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn, láàárín ọdún 1984 sí 1985, wọ́n gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ dìde, ìmọ́tótó àyíká sì wà nínú rẹ̀. Èkó di àṣà náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá, kò sí ìrìn, kálukú á gbá iwájú ilé rẹ̀, á kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. Ọdún 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí i.

Ohun tí ìjọba kò kọ sínú òfin ni ohun tí àwọn ọmọ Mùṣín fi wákàtí mẹ́ta náà ṣe. Bí gọ́tà bá ti mọ́, tàbí tí àwọn àgbà bá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á to òkúta méjì-méjì sórí títì, mọ́ńkí pósì ti délẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀tì á tò sí ẹ̀gbẹ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá wọlé fún á jáde, òmíràn á wọlé. Ọ̀dà Agége Motor Road, tí ẹsẹ̀ ọmọdé kò gbọdọ̀ tẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, di tiwọn. Àwọn àgbàlagbà náà rí tiwọn jẹ níbẹ̀: wọ́n lè dúró sí àárín títì kí wọ́n kí aládùúgbò tó wà ní òdìkejì, ẹni tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kí láti ọ̀nà jíjìn ní gbogbo oṣù. Ọjọ́ ìdìbò àti ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì ló kù tó ṣì ń mú irú rẹ̀ wá, bọ́ọ̀lù sì ń jáde lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ náà.

Mo gbóríyìn fún bí òfin náà ṣe kúrò, nítorí ó há aláìsàn àti arìnrìn-àjò mọ́lé. Síbẹ̀, mo rò pé ìlú tó tóbi tó báyìí yẹ kó máa ti àwọn títì kan pa fún ọmọdé ní wákàtí mélòó kan lóṣù, kó sì sọ pé fún eré ni.

Ojú irin

Láti Ìdó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rélùwéè Èkó ní ọdún 1896. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá ní agbègbè wa. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ rántí ìgbà tí èrò ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ náà, tí ọjà ń tú ká lórí ojú irin bí fèrè bá dún, tí àwọn ọlọ́jà sì ń tún un tẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó kẹ́yìn tó kọjá tán.

Ọkọ̀ ojú irin pupa ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni tiwa báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Kìlómítà 27 ni apá tó ti wà nílẹ̀ yìí: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín, Yàbá, Òyìngbò. Káàdì Cowry lèèyàn ń tẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí kọ̀ńdọ́ tó ń kígbe pé “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!”

Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ń ṣe ohun tó tọ́, wọn kò sì sí nínú ìwádìí yìí. Fàájì rẹ̀ wà ní ọ̀sán tàbí àárọ̀ Sátidé, bí èèyàn kò bá kánjú. Ẹni tó bá ti Mùṣín wọ̀ ọ́ lọ sí Ìkẹjà, kó wo ìhà ibi tí Agége Motor Road wà. Títì náà ń bá ojú irin rìn ní ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ sì máa ń tò sórí rẹ̀ láìmira. Mo ti jókòó sínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yẹn láyé mi. Láti máa kọjá lára wọn báyìí láìdúró, nínú atẹ́gùn tútù, pẹ̀lú owó tí òṣìṣẹ́ lè san, jẹ́ ohun tí mo kà sí ọ̀kan nínú oore tó tóbi jù tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Mùṣín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo máa ń rí àwọn ìyá arúgbó tí ọmọ-ọmọ wọn mú wọ̀ ọ́, wọn kò lọ síbì kan, wọ́n kàn fẹ́ lọ kí wọ́n sì bọ̀ ni.

Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, Òyìngbò ni ó ti máa bọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ ọjà tó wà níbẹ̀ tipẹ́: ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ìbáwí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe fún ẹni tó ń gbéra ga. Èmi kà á sí ìtura pẹ̀lú. Wákàtí wà tí ènìyàn ń fẹ́ wà láàárín ọ̀pọ̀ èrò tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tí kò sẹ́ni tó máa bi í pé owó oṣù ti wọlé àbí kò tíì wọlé. Ìlú kékeré kò ní irú wákàtí yẹn láti fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán

Ọ̀sán kò ní fàájì tó pọ̀. Ojú ọjọ́ gbóná, títì kún. Ládípọ̀ nìkan ni mo yọ sílẹ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tí kò ní mọ́tò pàápàá lè dúró níbẹ̀ kó wo bí mẹkáníìkì ṣe ń fi etí lásán mọ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà. Kó má kàn dúró sí ọ̀nà alábàárù.

Ojúde

Bí Òyìngbò kò bá mọ ẹni tí kò wá, ojúde mọ̀ ọ́n. Ilé tó pọ̀ ní Mùṣín jẹ́ irú èyí tí yàrá kọjú síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, kíṣìnnì àti balùwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Inú ilé kò gba èèyàn púpọ̀, nítorí náà ìgbé ayé ìrọ̀lẹ́ ń tú jáde síwájú ilé. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ti ń gbé bẹ́ǹṣì àti àga rọ́bà síta. Àwọn kan á ta lúdò, àwọn kan á ta dráfù, bàbá kan á gbé rédíò sétí, ẹni tó ń din àkàrà á dáná sí igun. Bí ẹni tó máa ń jókòó sí igun bẹ́ǹṣì kò bá jáde, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? A ò rí yín látàárọ̀.” Mo ti rí i tí ìkànlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ẹni tí àìsàn dá mọ́lẹ̀ nínú yàrá là.

Wákàtí ojúde ní ìṣẹ́jú kan tí mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá yẹ̀ wò. Iná á ti lọ tipẹ́, àdúgbò á ṣókùnkùn, kálukú á máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Lójijì iná á dé, “Ọ́pù Nẹ́pà!” á sì jáde láti ẹnu gbogbo ọmọdé nígbà kan náà, láti ilé dé ilé, títí á fi rìn dé òpin àdúgbò. Ọdún 1972 ni wọ́n dá Nẹ́pà, ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ìjọba, sílẹ̀. Ní 2005 wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà, ní 2013 wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Àwọn ọmọ tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lónìí, a kò tíì bí wọn nígbà tí orúkọ náà kúrò lára pátákó. Ayọ̀ tí gbogbo àdúgbò bá jọ ní lẹ́ẹ̀kan náà lágbára ju ìwé òfin lọ, ó sì ti fi orúkọ kan pamọ́ sẹ́nu ọmọ tí kò mọ olórúkọ.

Alẹ́ Sátidé

Alẹ́ Sátidé ni ti òwàǹbẹ̀. Wọ́n á ta kánópì sí ojú títì, wọ́n á to àga, jẹnẹrétọ̀ á máa kùn lẹ́yìn ilé, ìrẹsì á máa hó nínú ìkòkò ńlá. Ẹni tó bá dé ní aago tó wà nínú ìwé ìpè yóò bá àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Wákàtí rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olórin fújì bá ti mọ orúkọ gbogbo ìdílé tó wà níkàlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa fọ́n náírà lórí ijó tàbí kó máa jó lé e lórí, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún 50 náírà, tàbí méjèèjì. Àwọn tó gbọ́n ti ń fi owó sínú àpò ìwé báyìí, wọ́n á fún olórin lọ́wọ́, ìwúrí rẹ̀ kò sì dín kù.

A kò lè sọ̀rọ̀ òru ní agbègbè yìí kí a má dárúkọ Fẹlá olórin. Nọ́ńbà 14, Agége Motor Road, Ìdí-Òro, ni ilé rẹ̀ Kalakuta wà. Ilé ijó rẹ̀, Afrika Shrine, wà ní Empire Hotel nítòsí ibẹ̀. Òun náà mọ òfin wákàtí: nígbà tí ìlú bá ń sùn ló ń gorí ìtàgé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ológun wá ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ilé, orin kò lọ. Mo dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé fàájì Mùṣín kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán. Àwọn kan san owó rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Àtakò kan

Àwọn kan á ní ohun tí mo kọ dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìta ńkọ́, ìjà àdúgbò ńkọ́, fóònù tí wọ́n ń já gbà ńkọ́? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò tako àbá mi. Ó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ wákàtí ní apá méjì, èkejì sì ni mímọ ìgbà tí èèyàn kò gbọdọ̀ jáde. Ìyá ẹlẹ́wà mọ̀ ọ́n, awakọ̀ dáńfó mọ̀ ọ́n, ọmọ iléèwé mọ̀ ọ́n. Bí ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì bá ṣàdédé pa iná rẹ̀ nígbà tí ọjà ṣì ń tà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí. Gbogbo wa á gbé àga wa wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwádìí yìí wò fúnra rẹ̀, Sátidé ni kó yàn. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láàárọ̀, kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Mùṣín, kó béèrè ìyá ẹlẹ́wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí. Kó mú owó wẹ́wẹ́ dání, kó sì kí ìyá náà dáadáa kó tó sọ iye tó fẹ́ jẹ.